Ta ni ẹ̀rọ tí kò gbọ́ èdè wa ń ṣiṣẹ́ fún?

Bí ẹ bá lọ sí ọjà Kétu tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọjọ́ ọjà, ẹ dúró díẹ̀ nítòsí àwọn tó ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́ lórí pọ́táábù. Kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ohun tí à ń wí. Ìyá kan á dé, á na fóònù rẹ̀ sí ọmọkùnrin tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, á ní, "Ọmọ mi, bá mi wò ó, ṣé owó àgbàdo yẹn ti wọlé?" Ọmọ náà á béèrè nọ́ńbà àṣírí. Ìyá á sì pè é jáde ketekete lójú gbogbo èrò, nítorí ariwo ọjà kò jẹ́ kí ó lè sọ ọ́ ní jẹ́ẹ́jẹ́.

Kò sí ẹni tó lè pe ìyá yìí ní aláìmọ̀kan. Ẹni tó ń ra àgbàdo lọ́wọ́ ogún àgbẹ̀, tó ń ṣírò náírà sí sẹ́fà lórí lójú ẹsẹ̀, tó mọ gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn láìkọ ọ́ sí ìwé kankan, orí rẹ̀ pé. Faransé ni ọ̀rọ̀ tó ń jáde lójú ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó fi ìyá sí ilé ìwé Faransé nígbà tó wà lọ́mọdé. Àwọn tó ni ẹ̀rọ mọ̀ dáadáa pé oníbàárà wọn ni. Owó iṣẹ́ tí wọ́n ń yọ lára owó rẹ̀ kò sì dín nítorí pé kò lè ka ohun tí wọ́n kọ.

Ìdí rèé tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí lórí òwò ìmọ̀ ẹ̀rọ, pàápàá irú èyí tí àwọn tó dá a sílẹ̀ ń sọ pé kì í ṣe èrè nìkan ni àwọn ń wá, pé àwọn fẹ́ tún ayé mẹ̀kúnnù ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ti gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ dá Sèmè City sílẹ̀ nítorí rẹ̀, Lomé náà kò gbẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ wa tó jáde ní yunifásítì sì ń wá owó tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ òwò tiwọn. A fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í sábà gbọ́ ní irú àwọn ìpàdé bẹ́ẹ̀: nígbà tí ẹ̀rọ bá dé abúlé, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń wà?

Ẹ jẹ́ ká ti Kẹ́ńyà bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń tọ́ka sí. Ní 2005, iléeṣẹ́ Safaricom àti Vodafone ń dán ohun kan wò níbẹ̀, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Èrò wọn ni pé kí àwọn tó yá owó kékeré máa fi fóònù san án padà, kí wọ́n yéé rìn lọ sí ọ́fíìsì. Àwọn tí wọ́n fún láti dán an wò gbà á, àmọ́ wọ́n sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó ránṣẹ́ síra wọn. Àwọn kan tó fẹ́ rìnrìn àjò á ti owó sínú rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé, wọ́n á gbà á padà níbi tí wọ́n ń lọ, kí olè má bàa dá wọn lọ́nà gbà á. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà gbọ́n. Wọn kò bá oníbàárà jà, ohun tí àwọn èèyàn fẹ́ ni wọ́n tẹ̀ lé. Nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní oṣù kẹta 2007, fífi owó ránṣẹ́ sílé ni wọ́n fi polówó rẹ̀. M-Pesa ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Pesa, owó ni lédè Swahili.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní 2016, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì, Tavneet Suri àti William Jack, tẹ ìwádìí wọn jáde. Ìṣirò wọn ni pé M-Pesa ti yọ ìdílé bíi 194,000 kúrò nínú òṣì ní Kẹ́ńyà, ìyẹn ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìdílé ilẹ̀ náà, àti pé obìnrin bíi 185,000 ló ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ oko àroje bọ́ sí iṣẹ́ òwò. Bí ó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro fún oníṣòwò láti lóye. Bí àìsàn bá dé, tàbí tí òjò kọ̀ tí kò rọ̀, ẹbí tó wà lọ́nà jíjìn lè fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, kò ní sí pé à ń ta ewúrẹ́ tàbí irúgbìn lówó pọ́ọ́kú. Obìnrin tó bá sì ní àpótí owó tirẹ̀ lórí fóònù, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lè ṣí, lè rọra kó owó jọ títí yóò fi tó bẹ̀rẹ̀ òwò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wo ọ̀rọ̀ yẹn: èyí tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò lè ṣí. Ibẹ̀ gan-an ni agbára ẹ̀rọ náà wà. Ẹni tó ní láti sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀, tàbí fún ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn, kò ní àpótí tirẹ̀. Àpótí tí ẹlòmíràn ń bá a ṣí ló ní. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́jà wa jẹ́ olóòótọ́, a mọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún wọn. Àmọ́ kò yẹ kí ìwà rere ẹnì kan ṣoṣo jẹ́ gbogbo ohun tó ń ṣọ́ owó ọjà odindi ọdún kan.

Ní Kẹ́ńyà, èèyàn lè mú Swahili lórí M-Pesa dípò Gẹ̀ẹ́sì. Ìyẹn kò yanjú ohun gbogbo, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ ìwé kà. Síbẹ̀ ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìlànà ìfowóránṣẹ́ lórí fóònù kéré: fi ránṣẹ́, gbà, wo iye tó kù, jẹ́rìí sí i. Olùkọ́ Yorùbá kan lè túmọ̀ gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí kò sì lè kà á, kí ohùn bá a sọ ọ́: tẹ ení bí o bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, tẹ èjì bí o bá fẹ́ mọ iye tó kù. Kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn tó ti wà nínú ẹ̀rọ pe èèyàn láti polówó orin fún un. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn ta orin, á mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ṣọ́ owó.

Kẹ́ńyà kan náà ló fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí hàn wá. Lẹ́yìn tí owó ti wọ orí fóònù, ẹ̀yáwó tẹ̀ lé e. Èèyàn á tẹ nọ́ńbà díẹ̀, owó á wọlé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò sí onídùúró, kò sí ẹni tó béèrè ohun tí o fẹ́ fi í ṣe. Ó dùn, àfi ìgbà tí ọjọ́ ìsanwó bá pé tí owó kò sí. Àwọn iléeṣẹ́ kan á wá máa pe àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù onígbèsè, ọ̀gá rẹ̀, àna rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, láti dójú tì í. Ní òpin 2021, Kẹ́ńyà ṣe òfin tó fi irú àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ sábẹ́ àṣẹ báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ náà. Ní Nàìjíríà, lódìkejì ẹnubodè wa níbí, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ya bo ọ́fíìsì àwọn kan lára wọn ní Èkó ní oṣù kẹta 2022 nítorí irú ìwà yìí kan náà.

Ẹnì kan lè sọ pé èésú tiwa náà ní ìtìjú nínú. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tó kó tirẹ̀ tán tó wá sá lọ, gbogbo ìlú ló máa gbọ́. Ṣùgbọ́n nínú èésú, ẹni tó lè dójú tì ọ́, o mọ ilé rẹ̀, òun náà sì mọ̀ pé ọmọ rẹ wà nílé ìwòsàn. Ó lè ní kí ẹgbẹ́ fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ọmọ ń ṣàìsàn. Ọjọ́ pé, ọjọ́ pé ni.

Tógò ṣe ohun kan tó yẹ ká yìn. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé tí iṣẹ́ dúró, ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní oṣù kẹrin 2020 tí wọ́n pè ní Novissi. Zémidjan, oníṣòwò etí ọ̀nà, aránṣọ, èyíkéyìí nínú wọn á tẹ nọ́ńbà kúkúrú kan lórí fóònù kékeré lásán tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, á fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò rẹ̀ sí i. Bí ó bá yẹ, owó á wọ orí fóònù rẹ̀. Ọkùnrin ń gba 10,500 sẹ́fà lóṣù, obìnrin ń gba 12,250, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ń pín in fún wọn lóṣù. Àwọn tó gbà á lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Kò sí pé èèyàn ń ti ara wọn lórí ìlà, owó náà kò sì gba ọwọ́ aṣojú kankan tó lè mú tirẹ̀ nínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín. Wọ́n fún obìnrin ní jù torí wọ́n rò pé òun ló sábà ń bọ́ ilé, àwa kò sì rí ẹni tó máa bá wọn jiyàn lórí ìyẹn. Ẹni tí kò ní fóònù tàbí káàdì ìdìbò kò rí nǹkan gbà, àbùkù gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún tálákà pé kó kọ́kọ́ lọ ra fóònù olówó ńlá kó tó lè jẹ àǹfààní. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bá a lò.

Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ tí a mẹ́nu bà lókè kò tíì tán. Iléeṣẹ́ M-KOPA, ní Kẹ́ńyà bákan náà, ń ta iná oòrùn fún àwọn tí iná ìjọba kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Oníbàárà á san owó ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà á máa san díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ láti orí fóònù. Bí kò bá san, iléeṣẹ́ lè pa ẹ̀rọ náà láti ọ̀nà jíjìn. Bí ó bá san án tán, ó di tirẹ̀ pátápátá. A kò rí ohun tó burú nínú àdéhùn yẹn. Karosíìnì tí à ń fi ojoojúmọ́ rà fún àtùpà, kì í di tiwa láé.

Ẹ wá wo àwọn alùpùpù oníná tí iléeṣẹ́ Spiro kó wá sí Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Bátìrì inú rẹ̀ kì í ṣe ti zémidjan. Bí agbára rẹ̀ bá tán, á gbé e lọ sí ibùdó iléeṣẹ́, wọ́n á fún un ní èyí tó kún, á sanwó, á máa lọ. Ó yá ju kéèyàn dúró títí tí iná yóò fi kún bátìrì lọ. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 tí kpayo sì di ọ̀wọ́n, a mọ ìdí tí zémidjan fi lè fẹ́ràn rẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ ti èéfín tí à ń fà símú ní Kútọnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé èrò lọ sí oko tó jìnnà sí ibùdó ńkọ́? Bí owó pààrọ̀ bátìrì bá sì gòkè lọ́la, ibo ni yóò gbà? Ẹni tó ń ra kpayo, bí tìhín bá wọ́n, á rìn díẹ̀ lọ sí ọ̀hún. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á. Kí ẹni tó bá fẹ́ rà á kọ́kọ́ béèrè, kó sì rí èsì rẹ̀ nínú ìwé: kí ni yóò di tèmi nígbẹ̀yìn, kí ni yóò jẹ́ tiyín títí láé?

Kò yẹ ká máa wo Nairobi nìkan ṣáá, bí ẹni pé ọgbọ́n kò sí nílé. Ní Àjàṣẹ́ tiwa níbí ni Songhai wà. Ní 1985 ni Bàbá Godfrey Nzamujo, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, ọmọ Nàìjíríà tó ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, dá a sílẹ̀ lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná. Ìdin tí wọ́n ń sìn lórí pàǹtí di oúnjẹ ẹja. Omi inú adágún ẹja di ohun tí wọ́n fi ń bomi rin ọ̀gbìn. Ṣọ́ọ̀bù wọn ń rọ ẹ̀rọ fún àgbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ oko kí wọ́n lè padà sí ìlú wọn lọ dá tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ń ta ohun tí wọ́n bá ṣe, omi èso, ẹran, ẹyin, wọ́n ń jẹ nínú èrè rẹ̀. Òwò ni, kì í ṣe ọrẹ àánú nìkan, ó sì ti lé ní ogójì ọdún báyìí.

Ohun tó mú kí Songhai pẹ́, lójú tiwa, ni pé ẹni tó kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀ ń mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Bí o bá mọ bí wọ́n ṣe ń sin ìdin fún ẹja, kò sí ẹni tó lè pa ìmọ̀ náà láti ọ̀nà jíjìn. Ní Lomé náà, ní 2013, Afate Gnikou fi àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti dà nù to ẹ̀rọ 3D kan pọ̀, irú èyí tó ń tẹ nǹkan jáde ní ìrísí tó ṣeé dì mú. Ẹ̀rọ tí èèyàn fúnra rẹ̀ fi pàǹtí tò pọ̀, ó mọ ibi tó ti lè bàjẹ́, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi iṣẹ́ ìfowóránṣẹ́ ṣe iṣẹ́ ayé yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ní Bangladesh, láti 1997, wọ́n yá àwọn obìnrin abúlé lówó láti ra fóònù, kí wọ́n máa ta ìṣẹ́jú ìpè fún àwọn ará àdúgbò. Ó mówó wọlé fún wọn gidigidi. Nígbà tí fóònù wá dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, oníbàárà dín, owó náà sì dín. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí pé ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí àwọn oníkábìn tiwa, tí wọ́n ń gbé tábìlì kékeré sí ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ń ta ìpè. Kò sí ohun tó sọ pé kíóósì ìfowóránṣẹ́ kò ní bá ọ̀nà kan náà lọ ní ọjọ́ tí ìyá náà bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ẹ́. Àwọn kan lè torí ìyẹn fẹ́ kó máa wà ní Faransé lọ. Ó dára ká sọ ọ́ síta.

Àwọn iléeṣẹ́ ńlá á ní owó kò sí nínú èdè kékeré. Àkọ́kọ́, Yorùbá kì í ṣe èdè kékeré. Èkejì, ẹ wo Senegal. Owó tí wọ́n ń gbà lórí ìfowóránṣẹ́ níbẹ̀ ga tẹ́lẹ̀, títí iléeṣẹ́ Wave fi dé, tó ní ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ni òun á gbà lórí owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, pé òfo ni ìfowósí àti ìgbowó. Bí èèyàn bá fi 50,000 sẹ́fà ránṣẹ́, 500 nìyẹn. Nígbà tó di 2021, Orange tó ti jọba níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dín owó tirẹ̀ náà kù. Oníbàárà tí wọ́n ní kò níye lórí ni wọ́n wá ń dù mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ ká rò pé ẹnu wa kò tólẹ̀. Ní 2018, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé owó orí lé lílo WhatsApp, Facebook àti irú wọn, sẹ́fà 5 lórí mẹ́gábáìtì kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn fárí gá, àwọn ọ̀dọ́ ló ṣíwájú. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ìjọba fagi lé e.

Ohun tí à ń béèrè báyìí kò tó ìyẹn. Kí iléeṣẹ́ tó bá ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pobè, Sakété àti Àjàṣẹ́ fi Yorùbá sí ojú ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó sì fi ohùn Yorùbá sí i fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Kí àwọn mìíràn tí èdè wọn yàtọ̀ sí tiwa náà béèrè tiwọn. Fọ̀n àti Gùn kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Kí igbá ìmọ̀ràn àwọn kọmúùnù wa má fi ọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú oníṣòwò ẹ̀rọ kankan, ìbáà jẹ́ ti iná oòrùn tàbí ti ẹ̀yáwó, títí wọn yóò fi ka iye owó rẹ̀ àti ìyà tó wà lórí àìsanwó sókè ní Yorùbá, létí àwọn tó máa san án. Rédíò àdúgbò wà fún ìyẹn.

Títí ìyẹn yóò fi ṣẹ, kí ẹ̀yin ọmọ tó wà nílé jókòó ti ìyá yín ní alẹ́ kan, kí ẹ kọ́ wọn ní ibi tí wọn yóò tẹ, ìgbésẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì, kí àwọn fúnra wọn wá mú nọ́ńbà àṣírí tuntun nígbà tí ẹ bá ti kúrò nínú yàrá. Ẹgbẹ́ oníṣòwò tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá sì fẹ́ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ fóònù lórí ọ̀rọ̀ èdè yìí, kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ wọn wá fún wa. A ó bá wọn kọ ọ́ ní Faransé, a ó sì gbé èsì tí iléeṣẹ́ náà bá fún wọn jáde sí ojú ewé yìí, bí ó ti wù kó rí.